Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Transport Nínú Tor: obfs4, Snowflake àti WebTunnel

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Debian ni mo ń lò lórí láàpútọ́ọ̀pù mi. Tor (ètò tó ń gba détà ènìyàn kọjá lórí ẹ̀rọ mélòó kan kí a má bàa mọ ibi tí ó ń lọ) máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí mo bá fi détà fóònù mi wọlé, ṣùgbọ́n lórí wáìfáì ilé ìwé wa kì í kọjá 5%. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ gba afárá obfs4. Mo gbà á, mo sì lẹ ìlà rẹ̀ mọ́ torrc, fáìlì ìṣètò tor, àmọ́ ohun tí tor ń sọ báyìí ni pé òun kò rí transport tó gba obfs4. Mo tún ti gbọ́ nípa Snowflake àti WebTunnel. Ṣé mo lè fi gbogbo wọn sórí ẹ̀rọ kan náà kí n máa pààrọ̀ wọn? Èwo ni kí n sì kọ́kọ́ lò?

Ìdáhùn

Ó ṣeé ṣe. Ẹ lè ní transport (ètò tó ń pa àwọ̀ détà tor dà) mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn láìfọwọ́ kan tor fúnra rẹ̀. Àṣìṣe tí ẹ ń rí kò ti ọ̀dọ̀ afárá wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ti ọ̀dọ̀ ilé ìwé yín wá. Ìlà kan ló kù tí ẹ kò tíì kọ sínú torrc. Ṣùgbọ́n bí mo bá kàn fún yín ní ìlà náà kí ẹ lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi padà wá nígbà tí Snowflake bá kọ̀ fún yín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí iṣẹ́ tor parí sí àti ibi tí ti transport ti bẹ̀rẹ̀.

Tor kì í fi àdírẹ́sì àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ pamọ́. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni àwọn sáfà díẹ̀ tó ń bójú tó o máa ń fohùn ṣọ̀kan lórí àkójọ tuntun, tí wọ́n á sì gbé e síta kí gbogbo ẹni tó ń lo tor lè rí i kà. Ohun tí gbogbo ayé lè kà, alábòójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwé yín náà lè kà á, kí ó sì dí gbogbo àdírẹ́sì tó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe afárá, ìyẹn ẹ̀rọ ìwọlé tí a kò kọ sínú àkójọ náà, tí a máa ń pín fún àwọn ènìyàn ní díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ afárá nìkan kò tó, torí pé ẹni tó bá ń ṣọ́ bí détà ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lè dá tor mọ̀ láti ara ọ̀nà tó ń gbà kí sáfà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀, bí kò tilẹ̀ mọ àdírẹ́sì kankan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí irú ìdènà bẹ́ẹ̀ le koko ní Ìráànì ní oṣù Kejì ọdún 2012, obfs2 ni Tor Project fi ran àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni obfs3 ti dé, tí obfs4 tẹ̀lé e ní 2014, ní ọdún kan náà tí meek, transport mìíràn, dé.

Àwọn tó ń kọ tor kò kó gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí sínú tor. Wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, ohun tí wọ́n sì ń pè ní pluggable transport nìyẹn. Transport jẹ́ ètò tó dá dúró, tor ló ń jí i nígbà tó bá fẹ́ lò ó. Tor á fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ environment variable (iye tí a ń kọ fún ètò nígbà tí a bá ń jí i), ètò náà á sì dáhùn ní ìlà bíi mélòó kan pé òun ti wà ní sẹpẹ́, àti pé pọ́ọ̀tì (nọ́ńbà ilẹ̀kùn ìsopọ̀) báyìí ni òun ti ń retí rẹ̀ lórí 127.0.0.1, ìyẹn ẹ̀rọ yín fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, tor kò ní bá afárá sọ̀rọ̀ tààrà mọ́. Ètò yìí ni yóò máa bá sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bá SOCKS (àdéhùn tí ètò kan fi ń ní kí òmíràn bá òun gbé détà lọ) lásán sọ̀rọ̀, ètò náà ni yóò sì pa àwọ̀ détà dà kí ó tó jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tor kò mọ ohun tí obfs4 ń ṣe. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ fi àwọn ètò náà sórí ẹ̀rọ pẹ̀lú `apt install obfs4proxy snowflake-client`, lẹ́yìn náà kí ẹ jí obfs4proxy fúnra yín láti tẹ́míná, láìlo tor rárá:

TOR_PT_MANAGED_TRANSPORT_VER=1 TOR_PT_STATE_LOCATION=/tmp/pt TOR_PT_CLIENT_TRANSPORTS=obfs4 /usr/bin/obfs4proxy

Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ohun tí yóò kọ síwájú yín nìyí:

VERSION 1
CMETHOD obfs4 socks5 127.0.0.1:39421
CMETHODS DONE

Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ ẹ̀dà àdéhùn tí òun àti tor jọ ń lò. Ìkejì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: ó ní transport kan wà tó ń jẹ́ obfs4, pé SOCKS5 ni kí ẹ fi bá òun sọ̀rọ̀, àti pé pọ́ọ̀tì 39421 ni kí ẹ ti wá òun (nọ́ńbà tiyín yóò yàtọ̀, torí ó máa ń yí padà nígbà kọ̀ọ̀kan tí ètò náà bá jí). Ìkẹta ń sọ pé òun ti parí. Bí ẹ bá rí ENV-ERROR tàbí CMETHOD-ERROR dípò wọn, ara ètò yẹn tàbí ọ̀nà tí ẹ gbà pè é ni àléébù wà, kí ẹ má ṣe wulẹ̀ fọwọ́ kan torrc. Bí ó bá dáhùn bó ṣe yẹ, a jẹ́ pé torrc ni kí ẹ yẹ̀ wò, tàbí àṣẹ tí ẹ̀rọ yín fún tor. Àyẹ̀wò yìí ni mo máa ń ṣe ṣáájú ohunkóhun mìíràn, torí ó ya ẹjọ́ tor sọ́tọ̀ kúrò lára ẹjọ́ transport kíákíá. Ẹ tẹ Ctrl àti C láti dá a dúró.

Ẹ wá padà sí ọ̀rọ̀ tí tor kọ fún yín. Bó ṣe máa ń kọ ọ́ nìyí: «We were supposed to connect to bridge … using pluggable transport 'obfs4', but we can't find a pluggable transport proxy supporting 'obfs4'.» Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń dúró síbẹ̀, tí wọ́n á sì lọ gba afárá tuntun, nígbà tí ó jẹ́ pé gbólóhùn tó tẹ̀lé e gan-an ló ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì kọ ìlà ClientTransportPlugin. Ẹ ti sọ fún tor pé afárá obfs4 ni kí ó gbà kọjá, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ fún un ibi tí ètò tó gbọ́ obfs4 wà. Ìlà mẹ́ta ló yẹ kó wà nínú /etc/tor/torrc:

UseBridges 1
ClientTransportPlugin obfs4 exec /usr/bin/obfs4proxy
Bridge obfs4 198.51.100.7:443 0123456789ABCDEF0123456789ABCDEF01234567 cert=… iat-mode=0

Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà inú ìlà kẹta jẹ́ àpẹẹrẹ lásán, ti afárá yín ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni pé orúkọ náà, obfs4, wà ní ibi mẹ́ta: lẹ́yìn ClientTransportPlugin, lẹ́yìn Bridge, àti nínú CMETHOD tí ètò náà kọ jáde nígbà tí ẹ jí i. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, tor yóò rí ọ̀nà. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ rí yẹn ni ẹ ó tún rí, bí afárá náà tilẹ̀ wà láàyè.

Ètò kan lè gbọ́ ju orúkọ kan lọ. Ètò tí Tor Project ń tọ́jú báyìí, tí wọ́n fi rọ́pò obfs4proxy nínú Tor Browser, ni lyrebird, ó sì gbọ́ obfs4, meek_lite àti webtunnel. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ lè fi àmì kọ́mà ya àwọn orúkọ náà sọ́tọ̀ láìfi àyè sílẹ̀ láàárín wọn:

ClientTransportPlugin meek_lite,obfs4,webtunnel exec /usr/local/bin/lyrebird

Lórí Linux, ẹ ó rí i nínú fódà Tor Browser, ní Browser/TorBrowser/Tor/PluggableTransports. Ẹ má ṣe júwe rẹ̀ fún tor láti inú fódà ilé yín o. Bí Debian ṣe ṣètò tor kò jẹ́ kí ó rí ohunkóhun tó wà nínú /home, nítorí náà ètò tó ń jí dáadáa nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín pè é kò ní jí rárá nígbà tí tor bá pè é. Ẹ dà á kọ sí /usr/local/bin kí ẹ tó lò ó. Bí ó bá tún kọ̀, ẹ wo `journalctl -k` bóyá ẹ ó rí DENIED pẹ̀lú orúkọ ètò náà. AppArmor, ètò tó ń pinnu ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan lè fọwọ́ kàn lórí ẹ̀rọ, ló ń dí i nìyẹn, kí ẹ sì fi ìlà yìí sínú /etc/apparmor.d/local/system_tor:

/usr/local/bin/lyrebird ix,

Lẹ́yìn náà, ẹ fi `apparmor_parser -r /etc/apparmor.d/system_tor` mú kí ó ka àṣẹ tuntun náà. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn pa AppArmor kú pátápátá nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ló ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ ìlà Bridge náà gba sùúrù. Àmì tó tẹ̀lé àdírẹ́sì ni ìdánimọ̀ afárá, lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 ni, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ohun tó tẹ̀lé cert= jẹ́ 70. Ẹ ka wọn, torí pé láàárín WhatsApp, íméèlì àti tẹ́míná ni ìlà gígùn bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń já sí méjì tàbí kí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn já bọ́. Cert yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni obfs4 fi ń fi hàn pé ẹni tó ń kàn ilẹ̀kùn mọ àṣírí afárá náà, bí ẹni náà kò bá sì mọ̀ ọ́n, afárá kò ní dá a lóhùn rárá. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí àwọn tó ń dí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ṣáínà ń ṣe: bí wọ́n bá fura sí àdírẹ́sì kan, ẹ̀rọ tiwọn náà á lọ kàn án bí ẹni pé òun jẹ́ tor, kí wọ́n lè wo bí yóò ṣe dáhùn. Cert tó bá dín lẹ́tà kan sọ ẹ̀yin náà di àjèjì lójú afárá, dídákẹ́ ni yóò sì dákẹ́ fún yín bó ṣe ń dákẹ́ fún wọn. Ní ti iat-mode, tó ń ṣàkóso bí obfs4 ṣe ń yí àkókò àti ìwọ̀n détà padà, ẹ fi sílẹ̀ bí afárá ṣe fún yín, odo ló sì sábà máa ń jẹ́. 1 àti 2 máa ń dín iyára kù gan-an fún àǹfààní tí kò tó nǹkan níbi tí ẹ wà.

Aago ẹ̀rọ yín tún ṣe pàtàkì nínú obfs4 ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ̀ lọ. Ìkíni àkọ́kọ́ láàárín ẹ̀yin àti afárá ní wákàtí tí a wà nínú, gẹ́gẹ́ bí UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé) ṣe kà á, bí aago yín bá sì fi ju wákàtí kan lọ yàtọ̀ sí ti afárá, kò ní gbà yín. Ẹni tó ní Windows àti Debian lórí ẹ̀rọ kan náà ni èyí máa ń bá jù, torí pé Windows máa ń kọ aago ibùgbé sínú ẹ̀rọ, tí Linux á sì kà á bí UTC. Ní Nàìjíríà, wákàtí kan péré ni ìyàtọ̀ náà, èyí tó burú ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí pé yóò máa ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn, yóò sì máa kọ̀ nígbà mìíràn. Ẹ tẹ `timedatectl`, kí ẹ sì wo ìlà UTC, kì í ṣe aago tó wà ní igun ojú ẹ̀rọ.

Snowflake àti WebTunnel yàtọ̀ sí èyí nínú ìrísí, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni. Snowflake kì í ní afárá kan pàtó tí ẹ lè tọ́ka sí. Àwọn aláàánú tó fi búráúsà wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ni détà yín ń gbà kọjá, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹni tó ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì lè ka gbogbo wọn tán. WebRTC, ohun tí ìpè fídíò orí búráúsà ń lò, ni Snowflake fi ń sọ̀rọ̀. Ó wọ inú Tor Browser gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti dúró ṣinṣin ní oṣù Keje ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá dì í nígbà tí Rọ́ṣíà dí Tor ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn àti nígbà ìwọ́de Ìráànì ní 2022. Ìlà rẹ̀ nìyí ní kúkúrú:

ClientTransportPlugin snowflake exec /usr/bin/snowflake-client
Bridge snowflake 192.0.2.3:80 2B280B23E1107BB62ABFC40DDCC8824814F80A72 fingerprint=… url=… fronts=… ice=stun:… utls-imitate=…

Ẹ gba ìlà tó pé láti ọwọ́ Tor Project, ẹ má fúnra yín tò ó. Ohun tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú níbẹ̀ ni 192.0.2.3. Wọ́n á fi ping wá a, kò ní dáhùn, wọ́n á sì ní afárá ti kú. Àdírẹ́sì yẹn kò sí níbì kankan. Ọ̀kan ni nínú àwọn tí a yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ inú ìwé. Tor ń béèrè pé kí àdírẹ́sì kan wà lórí ìlà Bridge, Snowflake kò sì ní ọ̀kankan láti fi síbẹ̀, wọ́n kàn fi èyí dí àyè náà ni. Ibi tí Snowflake ń lọ ní tòótọ́ wà nínú url àti fronts. Bẹ́ẹ̀ náà ni WebTunnel, tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹta ọdún 2024: ẹ ó rí àdírẹ́sì IPv6 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2001:db8 lórí ìlà rẹ̀, kí ẹ má ṣe rò pé ẹ nílò IPv6 kí ó tó ṣiṣẹ́, nítorí url tó wà níwájú ni ó ń lò. Àwọn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé ìdánimọ̀ yìí ni tor máa ń kó sí àyè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà nínú SOCKS5, àyè méjèèjì kò sì gba ju byte 510 lọ lápapọ̀. Ẹni tó bá ń to sáfà stun (èyí tó ń sọ fún ẹ̀rọ bí àdírẹ́sì rẹ̀ ṣe rí láti ìta) lé ara wọn lórí ìlà Snowflake pé kí ó lè yára sí i lè kọjá ibẹ̀.

Wàyí o, bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ wọn. Àwọn ìlà ClientTransportPlugin lè wà nínú torrc lọ títí, gbogbo wọn pátá, torí tor kì í jí transport tí kò sí afárá kankan tó nílò rẹ̀. Ẹ tilẹ̀ lè rí i nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ «will not be launched», kì í ṣe àṣìṣe. Ìlà Bridge ni ẹ ó máa yí. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ kọ fáìlì kékeré kọ̀ọ̀kan fún oríṣi afárá kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ pé afara-obfs4.conf, afara-snowflake.conf àti afara-webtunnel.conf, kí gbogbo wọn wà nínú /etc/tor, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìlà kan ṣoṣo pe èyí tí ẹ fẹ́ lò láti inú torrc:

%include /etc/tor/afara-obfs4.conf

Bí ẹ bá fẹ́ yí i, ẹ pààrọ̀ orúkọ fáìlì yẹn, kí ẹ tẹ `tor --verify-config` láti mọ̀ pé ẹ kò ṣe àṣìkọ, kí ẹ sì tẹ `systemctl restart tor@default`. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ènìyàn ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìlà Bridge oríṣi mẹ́ta bá wà níbẹ̀ papọ̀, tor lè bẹ̀rẹ̀ sí í kàn sí ju ọ̀kan lọ nínú wọn, ẹni tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò sì rí gbogbo àdírẹ́sì tí ẹ ní lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Afárá méjì tàbí mẹ́ta tó jẹ́ oríṣi kan náà kò burú, torí ọ̀kan lè kú.

Èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ lò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ fún yín pé Snowflake, nítorí pé kò béèrè pé kí ẹ lọ gba afárá níbì kankan. Lórí wáìfáì ilé ìwé, èmi kì í fi ṣe àkọ́kọ́. 5% tí ẹ sọ ṣe pàtàkì níhìn-ín. Nínú àkọsílẹ̀ tor, «Bootstrapped 5% (conn)» túmọ̀ sí pé ó ń gbìyànjú láti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìwọlé kan, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá dé 10% kí ó tó dúró, a jẹ́ pé ìsopọ̀ ṣí, tí ẹnìkan sì gé e nígbà tí ìkíni bẹ̀rẹ̀, èyí tó máa ń fi hàn pé ẹni tó ń dí i ń yẹ inú détà wò. Tiyín kò dé ibẹ̀. Ó jọ pé àkójọ àdírẹ́sì ni ilé ìwé yín lò, tàbí pé pọ́ọ̀tì díẹ̀ ni wọ́n ṣí sílẹ̀, bíi 80 àti 443. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti pọ́ọ̀tì báyìí ló ti UDP (ọ̀nà ìfidétà-ránṣẹ́ tí kì í kọ́kọ́ ṣí ìsopọ̀) pẹ̀lú, UDP sì ni Snowflake ń lò láti dé ọ̀dọ̀ àwọn aláàánú rẹ̀. Yóò rí ẹni tó ń pín ọ̀nà fún un, torí HTTPS ni ìyẹn, ṣùgbọ́n kò ní lè bá aláàánú kankan so pọ̀.

Nítorí náà, obfs4 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì wo pọ́ọ̀tì afárá tí wọ́n fún yín, ìyẹn nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì kólọ́ọ̀nù lẹ́yìn àdírẹ́sì. Bí ó bá jẹ́ 443, ẹ lò ó. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà ńlá kan bíi 36000, ó lè má rí ojú ọ̀nà jáde ní ilé ìwé yín, bó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ padà sí bridges.torproject.org kí ẹ gba òmíràn. Bí obfs4 orí 443 bá kọ̀, WebTunnel ló kàn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni pé obfs4 máa ń jáde bí détà tí kò jọ ohunkóhun tí ènìyàn mọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá sì ti pinnu pé ohun tí òun dá mọ̀ nìkan ni yóò kọjá yóò gé e. WebTunnel máa ń jáde bí HTTPS gidi tó ń lọ sí ojúlé wẹ́ẹ̀bù gidi kan, ẹni tó bá sì ṣí ojúlé náà nínú búráúsà yóò bá ojúlé lásán pàdé. Snowflake ni kí ẹ tọ́jú fún détà fóònù, tàbí ibi tí UDP kò ti ní ìdíwọ́. Meek ṣì wà, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ó sì wọ́n fún àwọn tó ń sanwó rẹ̀. Láti ìgbà tí Google àti Amazon ti fòpin sí ọgbọ́n tí ó gbára lé (fífi orúkọ ojúlé ńlá bo ibi tí détà ń lọ gan-an) ní oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni kò ti fi bẹ́ẹ̀ ní ibi tí yóò dúró sí mọ́.

Bí ilé ìwé yín bá ní proxy tí gbogbo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ẹ kọ ọ́ sínú torrc pẹ̀lú HTTPSProxy àti àdírẹ́sì rẹ̀. Tor yóò fi í ránṣẹ́ sí transport, transport yóò sì dáhùn «PROXY DONE» bí ó bá gbà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà. Obfs4 ń gbà á. Snowflake, nítorí UDP yẹn, kò lè gba proxy HTTP kọjá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ máa wo `journalctl -u tor@default -f`. Pẹ̀lú transport, ẹ ó rí 1% (conn_pt) ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó ń sọ pé tor ń kàn sí ètò orí ẹ̀rọ yín, lẹ́yìn náà 2% (conn_done_pt). Bí ó bá dúró sí 1%, ilé yín ni wàhálà wà, kò tíì dé ìta rárá. Bí ó bá dé 2% tí kò sì kọjá 10%, ẹ wo cert, aago, àti pọ́ọ̀tì, ní títò yẹn. Bí ó bá dé 100%, ẹ fi èyí rí i dájú pé inú tor ni ẹ wà:

curl --socks5-hostname 127.0.0.1:9050 https://check.torproject.org/api/ip

Ìdáhùn tó bá ní «"IsTor":true» nínú ni ẹ ń retí.

Transport kò lè la ọ̀nà síbi tí ọ̀nà kò sí. Nígbà tí wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì ní orílẹ̀-èdè Benin ní ọjọ́ ìdìbò, 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, tàbí ní Togo ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, kò sí orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè kọ sí ìlà Bridge tí yóò ṣiṣẹ́ lórí ìsopọ̀ tí a ti gé. Ní òdìkejì, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ní kí wọ́n dí Twitter láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní ọdún 2022, VPN lásán ló gba ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá. Lórí détà fóònù yín tí tor ti ń ṣiṣẹ́ láìsí afárá, ẹ yọ UseBridges kúrò. Ẹ ń fi détà ṣòfò ni, ẹ sì ń gba àyè tí ẹlòmíràn tó nílò rẹ̀ ì bá lò. Kí ẹ sì ka ìlànà ilé ìwé yín lórí wáìfáì náà kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí. Ohun tí òfin ìlú kò kà sí ẹ̀ṣẹ̀ lè lòdì sí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ wọlé.

Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ fi àkọsílẹ̀ tor ránṣẹ́ sí mi láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí ó dúró sí, pẹ̀lú ìlà mẹ́ta tí obfs4proxy kọ nígbà tí ẹ fúnra yín jí i. Tor ti máa ń fi [scrubbed] bo ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bo ti inú torrc, nítorí náà bí ẹ bá ń fi ìyẹn náà ránṣẹ́, ẹ yọ àdírẹ́sì, ìdánimọ̀, cert àti url kúrò lórí ìlà Bridge, kí ẹ kàn sọ fún mi pé 40 àti 70 pé, àti pọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀.